Èéfín Tìámíyù àti Ẹní Bàbá Làmídì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, a kì í torí ẹ̀fọn sun ẹní àgbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín, ẹ kàn ń mi orí bí alángbá ni. Ẹlòmíì nínú yín á ní òwe ọlọ́gbọ́n ni, pé ọ̀ràn kékeré kì í mú ni ba nǹkan ńlá jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n ló bí òwe yìí. Ẹnì kan ló sun ẹní. Ẹní náà jóná, etí rẹ̀ nìkan ló kù. Àgbà tó sì ni ẹní wà láàyè, ó jókòó tì í, ó ń gbádùn èéfín rẹ̀. Ẹ súnmọ́ mi.

Ẹni tí mò ń wí ni Tìámíyù kápẹ́ńtà. Ohun tó sọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, níwájú ilé àna rẹ̀, lójú gbogbo obìnrin tó ń hun ẹní lábẹ́ igi fúrúǹtù, nìyí:

"Bàbá, tí ẹ̀fọn kan ṣoṣo bá fi ẹsẹ̀ kàn yín lára nírọ̀lẹ́ òní, kí n jókòó sáàárín àwọn ìyá wọ̀nyí, kí n máa hun ẹní!"

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ní Ìdí-Ìran, ìletò kan tó wà létí ọ̀sà, obìnrin ló ń hun ẹní. Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó fọwọ́ kan ìran, ìyẹn ewéko tí wọ́n fi ń hun ún, á jẹ́ pé ó ń bá ìyàwó rẹ̀ rù ú bọ̀ láti àbàtà ni, á sì máa wo ọ̀tún wo òsì kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ tí Tìámíyù sọ yìí pamọ́ síbì kan. A máa padà wá mú un.

Kí ló gbé e dé ilé àna? Ìyàwó rẹ̀ ni. Rísíkátù, ọmọ Bàbá Làmídì, ti di ẹrù, ó ti pọn ọmọbìnrin wọn, Mùínà, ó ti kó wá sílé baba rẹ̀. Kì í ṣe pé Tìámíyù nà án. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ìyàwó kejì. Oògùn ẹ̀fọn ni. Ọkùnrin yìí kórìíra ẹ̀fọn bí ẹni pé wọ́n jọ pín ogún tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, á tan oògùn olóbìírípo kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á tan òmíràn sẹ́nu ọ̀nà, á tún tan ọ̀kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, á wá gbé oògùn olómi tí wọ́n ń rọ sínú ìgò tà lójú títì, á fín in lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ìyàwó á máa wúkọ́. Ọmọ á máa wúkọ́. Òun náà á máa wúkọ́, ṣùgbọ́n á ní òtútù ló mú òun. Lọ́jọ́ tí àkùkọ adìẹ wọn kú lábẹ́ fèrèsé, tí ẹ̀fọn wá ń kọrin lórí òkú rẹ̀, Rísíkátù ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Bàbá Mùínà," ó ní, "ọjọ́ tí ẹ bá rí ohun tó ń lé ẹ̀fọn tí kì í lé ènìyàn, ẹ wá mi wá sílé bàbá mi."

Ilé wá pa lọ́lọ́. Tìámíyù dá sùn, ó dá jí, ó dá oúnjẹ sè, ó dá a jẹ, oúnjẹ náà ò sì dùn. Ìgbà náà ló rántí pé ìyá òun àgbà kì í ra oògùn kankan nígbà ayé rẹ̀. Èèpo ọsàn gbígbẹ ló máa ń sun nírọ̀lẹ́. Kápẹ́ńtà sì ni Tìámíyù, lẹ́búlẹ́bú pákó ò wọ́n ọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ó sá èèpo ọsàn, ó sá ewé ẹfínrín, ó sá ewé dóńgóyárò. Ó gún gbogbo rẹ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná pò ó kó lè lẹ̀ mọ́ra, ó mọ ọ́n gbọọrọ gbọọrọ bí ìka ọwọ́, ó sá a sóòrùn. Ó sọ ọ́ ní tùràrí ẹ̀fọn. Nígbà tó gbẹ tó sì tan án, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Èéfín rẹ̀ ń rọra yọ, ó ń ta sánsán, àwọn ẹ̀fọn gba ojú fèrèsé jáde bí àlejò tí wọn ò fún lóúnjẹ. Kò sí ẹni tó wúkọ́. Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, òwe kankan ì bá má jáde nínú rẹ̀.

Ó ṣe ẹ̀kún agbọ̀n kan. Ó wá lọ bẹ àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Gànìyù, pé kó sin òun lọ, nítorí ọkọ kì í dá lọ gba ìyàwó nílé àna. Bàbá Gànìyù ò jẹ́ kó bẹ̀ ẹ́ tán. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ pé ẹja pọ̀ ní Ìdí-Ìran.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n dé. Tìámíyù dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Jẹlílì, àbúrò àna rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olórí àwọn ahunní, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ kan tó ń fi imú ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, kó má lọ jẹ́ pé ará ilé ni. Bàbá Làmídì jẹ́ àgbà tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó sì máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Ó mú tùràrí kan nínú agbọ̀n, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ewéko lásán ni, o ní?"

"Ewéko pọ́ńbélé, Bàbá. Kò sí oògùn òyìnbó níbẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá hù láti ilẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ó dáa. Ẹ̀fọn etí ọ̀sà yìí ò mọ àgbà. N ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nírọ̀lẹ́ yìí títí n ó fi jẹun tán. Bí ẹ̀fọn ò bá jẹ mí, máa mú ìyàwó rẹ lọ. Bí ó bá jẹ mí, fi ọmọ mi sílẹ̀ kó máa mí afẹ́fẹ́."

Ìgbà yẹn ni Tìámíyù la ẹnu, tó sọ ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ bá mi fi pamọ́. Ìyá Jẹlílì fi ìran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ka sí i.

"Àna wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìka yín kí ẹ tó máa fi wọ́n búra. Ìka yìí á hun ẹní ẹ̀gún."

"Ìyá, ẹ má ṣe ìyọnu. Kò ní kan yín."

Ní ti òótọ́, ìṣòro kékeré kan wà. Omi ọ̀sà ti ta sínú agbọ̀n lójú ọ̀nà, tùràrí ti rin díẹ̀. Tìámíyù dà wọ́n sórí atẹ ńlá, ó gbé e sóòrùn lẹ́yìn ilé. Rísíkátù, tó ń gé ẹja lẹ́bàá ibẹ̀, gbé ojú sókè.

"Bàbá Mùínà, ẹ̀kọ lẹ fi pò ó, àbí? Ewúrẹ́ Ìdí-Ìran ò mọ̀ pé oògùn ni o."

"Rísí, dóńgóyárò ń bẹ nínú ẹ̀. Ewúrẹ́ wo ló máa jẹ dóńgóyárò? Ó korò bí ewúro!"

"Ewúrẹ́ tó jẹ bàtà bàbá mi."

Tìámíyù rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ó ní kí Bàbá Gànìyù jókòó ti atẹ náà. Bàbá Gànìyù ní kò burú. Wọ́n ti gbé ẹja wá fún un, ó ti jẹ orí ẹja, ó ti jẹ ìrù ẹja, ó ti jẹ ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ó jókòó ti atẹ. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tó kù.

Nígbà tí Tìámíyù padà dé, ewúrẹ́ mẹ́rin ti dùbúlẹ̀ yí atẹ ká, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Tùràrí gígùn kan yọ lẹ́nu òbúkọ tó jẹ́ àgbà wọn, bí ìgbà tí olówó bá ń mu sìgá. Òbúkọ náà wo Tìámíyù. Ó fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù lórí atẹ ò kún ọwọ́ ọmọdé.

"Bàbá Gànìyù! Ẹ sùn!"

"Mi ò sùn. Mo dijú ni, kí àwọn ewúrẹ́ má baà mọ̀ pé mò ń ṣọ́ wọn."

Ní ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ gbayawu fún Tìámíyù. Kó lọ bá àna rẹ̀, kó ní, "Bàbá, ewúrẹ́ yín ti jẹ iṣẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n lọ ṣe òmíràn wá." Bàbá Làmídì ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sì gbà. Ṣùgbọ́n Tìámíyù yọjú síwájú ilé, ó rí àwọn obìnrin lábẹ́ igi fúrúǹtù, Ìyá Jẹlílì sì pè é tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Àna wa, ẹ wá, a ti gbá àyè yín sílẹ̀ o!" Ojú tì í. Ó padà sẹ́yìn ilé láìsọ nǹkan kan. Ìtìjú kékeré ló sá fún. Ẹ̀yin ẹ máa wò ó, bóyá ó sá dé ibi tó dáa.

Oòrùn rọ̀. Bàbá Làmídì kí àdúrà Màgàríbì tán, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀sà. Tìámíyù gbé àpáàdì tí ẹyin iná wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn àga, ó to tùràrí tó kù lé e. Èéfín yọ sánsán. Ẹ̀fọn tó ti ń kóra jọ bọ̀ láti àbàtà yà sápá kan.

"Họ̀wù!" Bàbá ní. "Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti lọ, Bàbá."

"Tìámíyù, o ti gbìyànjú."

Inú ilé ìdáná ni Rísíkátù wà, ó ń ro èbà. Tìámíyù ń gbọ́ bí omorogùn ṣe ń lu ìkòkò. Ó wo iná. Tùràrí ti ń tán. Kó tó di pé oúnjẹ dé, èéfín á ti kú. Ohun tó gbẹ ló nílò, ohun tó jẹ́ ewéko, ohun tí á máa jó díẹ̀díẹ̀. Ó wọ inú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ó ń fọwọ́ tá ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ba ẹní kan tí wọ́n ká, tí wọ́n fi ti igun. Ẹní náà ti gbó. Etí rẹ̀ ti ń já. Tìámíyù gbé e yẹ̀ wò. Ewéko ni. Ó hù láti ilẹ̀. Ó gbẹ. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá wọ́n fẹ́ gbé e jù nù ni wọ́n ṣe gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Tìámíyù ò mọ̀ fún yín, nítorí ará òkè ni, orí fóòmù ni wọ́n bí i sí. Ní Ìdí-Ìran, bí ọkùnrin bá gbé ìyàwó, ìyàwó á hun ẹní kan fún un. Ẹní náà ni yóò máa sùn lé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bó bá ra bẹ́ẹ̀dì, á tẹ́ ẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní gbogbo ọdún, wọ́n á fi àdín, ìyẹn òróró ẹ̀kùrọ́, pa á lára kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí baálé ilé bá kú, kí ẹnikẹ́ni tó ké, wọ́n á gbé ẹní náà síwájú ilé, wọ́n á sun ún. Ìran tó jó pọ̀ mọ́ àdín ní òórùn kan tí kò jọ ti nǹkan mìíràn láyé, ọmọ Ìdí-Ìran tó bá sì ti gbọ́ ọ, ó ti mọ̀ pé àgbà kan ti lọ nìyẹn. Ìyá Rísíkátù, tó ti di ẹni ilẹ̀, ló hun èyí tó wà lọ́wọ́ Tìámíyù.

Ó kọ́kọ́ ya etí rẹ̀ nìkan, ó fi sí iná. Èéfín ńlá gbéra. Ó dára! Ó tún ya díẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé yíya ń pa ariwo, ó bá ká ìyókù, ó tì í bọ iná látòkè bí ẹni ti igi bọ ààrò.

Bàbá Làmídì fa imú.

"Òórùn yìí… ó dà bíi pé mo mọ̀ ọ́n."

"Ewéko ìbílẹ̀ ni, Bàbá."

"Hẹn-ẹn. Ó dùn mọ́ mi. Ó ń mú mi rántí ìyá Rísí."

"Bẹ́ẹ̀ ni ewéko rere máa ń ṣe, Bàbá."

Lẹ́yìn ọ̀la, bí Tìámíyù bá rántí èsì tó fọ̀ yìí, inú ike omi ló máa ń fẹ́ ki orí bọ̀. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn. Èéfín ti bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀fọn ò sí níbẹ̀. Kódà, àga ò hàn mọ́, Bàbá ò hàn mọ́. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń mọ ibi tó wà.

Atẹ́gùn ọ̀sà wá yí padà, ó gbé òórùn náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ odò.

Ìyá Jẹlílì ń fọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀ odò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan. Ó wo apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó sì figbe ta.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ o!"

Gbogbo Ìdí-Ìran gbọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè, nítorí imú wọn ti sọ fún wọn. Àwọn tó ń gun orí igi sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó ń se ọbẹ̀ pa iná. Bàbá Ṣìttú, ọ̀rẹ́ Bàbá Làmídì láti kékeré, tó jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn, gbé ọ̀pá, ó ń bọ̀ tipátipá. Wọ́n ya wọ iwájú ilé. Wọ́n ko èéfín. Bí èéfín ṣe wọ wọ́n lójú, omijé tí ẹnikẹ́ni ò tí ì múra sílẹ̀ fún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹni tó wá kí lásán ń sunkún. Ẹni tí òun àti Bàbá Làmídì ń jà lórí ààlà ilẹ̀ ń sunkún ju ẹbí lọ. Tìámíyù dúró lẹ́yìn òpó, ó rò pé èéfín òun ni wọ́n wá wò.

Láàárín èéfín, Bàbá Làmídì gbọ́ ẹkún. Òun náà ò rí ẹnì kankan.

"Kí ló dé?" ó ké. "Ta ló kú?"

"Làmídì ni!" Ìyá Jẹlílì dáhùn, kò mọ ẹni tó bi òun. "Làmídì ọmọ ìyá mi ni!"

"Áà! Làmídì!"

Ojú Bàbá ti ń ta á tẹ́lẹ̀, omijé ti wà nílẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó sun ún dáadáa, ó mi orí, ó fi ọwọ́ lu itan, ó ní ayé asán. Ó ti sun ún dé ìdajì kó tó rántí pé òun ni Làmídì.

Kó tó lanu, Bàbá Ṣìttú ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì:

"Làmídì, ọ̀rẹ́ mi! Ta ni n ó tún máa pa láyò mọ́ o? Ojoojúmọ́ ni mo ń pa ọ́ láyò, o ò bínú rí!"

Bàbá Làmídì dákẹ́ ẹkún lójijì.

"Ṣìttú! O ò pa mí láyò rí!"

Ẹ ti rí ibi tí òkú ti ń jiyàn ayò? Iwájú ilé fọ́nká. Bàbá Ṣìttú ju ọ̀pá, ó sá, ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ní kò lè tọ́ mọ́ sì gbé e kọjá àwọn ọmọ ogún ọdún. Ẹni tí wọ́n jọ ń jà lórí ààlà ń kígbe pé, "Mo ti fi ilẹ̀ sílẹ̀! Mo ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀!" Ìyá Jẹlílì ṣẹ́rí padà láìwo ẹ̀yìn, ó kọ lu àgbá tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sí, ó ṣubú sínú rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tó fi gbàjá. Ẹnì kan gbá àpáàdì lẹ́sẹ̀, ó yí dànù, iná fọ́n sílẹ̀, omi fùfú sì ṣàn kàn án, ó pa á.

Èéfín ká kúrò.

Bàbá Làmídì jókòó sórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ le. Níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú omi fùfú, etí ẹní kan tí kò jó tán léfòó, èyí tó ní ọnà pupa àti dúdú lára. Gbogbo àwọn tí wọ́n ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ wò ó. Rísíkátù jáde láti ilé ìdáná, ó gbé àwo èbà lọ́wọ́. Ó wo ilẹ̀. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Tìámíyù ká ní ó pariwo.

"Bàbá Mùínà," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹní ìyá mi nìyẹn."

Tìámíyù wá ibi tó máa fi ojú sí, kò rí. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo Bàbá Gànìyù tí wọ́n jọ wá. Bàbá Gànìyù ń wo ọ̀sà.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ mú un wá ni?" ẹnì kan bi í.

"Èmi? Inú ọkọ̀ la ti pàdé."

Tìámíyù na gbalaja sínú omi fùfú. Bàbá Làmídì na apá rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n. Ó wo ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ pa ọrùn.

"Tìámíyù."

"Bàbá mi."

"Ẹ̀fọn ò jẹ mí."

Ó na apá náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Mo ti yẹ ara mi wò, kò sí ibì kan. Àgbà kì í yẹ ọ̀rọ̀. Rísí, gbé oúnjẹ yẹn kalẹ̀, kí o lọ di ẹrù rẹ. Ọkọ rẹ ti borí."

Tìámíyù gbé orí sókè nínú omi.

"Ṣùgbọ́n," Bàbá ní, "níbo ni n ó sùn sí?"

Tìámíyù dá orí náà padà sínú omi.

"Mi ò lè fi bàbá mi sílẹ̀ láìní ẹní," Rísíkátù ní.

Wọ́n fa Ìyá Jẹlílì jáde nínú àgbá. Òórùn fùfú ń ti ara rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ bo imú.

"Ọ̀rọ̀ yìí ní bó ṣe ń lọ," ó ní. "Ẹni tí wọ́n bá ti sun ẹní rẹ̀, òkú ni lójú àṣà wa. Obìnrin kan ò gbọdọ̀ hun ẹní fún òkú. Ẹni tó sun ún nìkan ló lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun òmíràn, kí ayé lè mọ̀ pé àṣìṣe ni." Ó fún omi kúrò létí ìró rẹ̀. "Àna wa, mo ní a ti gbá àyè yín sílẹ̀. Ẹ rò pé mò ń ṣeré ni?"

Bàbá Gànìyù bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ. Wọ́n di ẹja yíyan fún un. Ó juwọ́ sí Tìámíyù látinú ọkọ̀, ó ní òun á kí ilé, òun á sọ fún wọn pé ó ti rí iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Tìámíyù ṣe jókòó sábẹ́ igi fúrúǹtù, láàárín àwọn ìyá. Ọwọ́ tó ti mọ òòlù ò mọ ìran. Ó fa á, ó já. Ó tún fa òmíràn, ó tún já. Àwọn ọkùnrin tó ń lọ sódò á dúró, wọ́n á kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá." Á dáhùn pé, "Ẹ ṣeun," nítorí ilé àna ló wà. Ẹní tó kọ́kọ́ hun fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, bí ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan. Bàbá Làmídì dùbúlẹ̀ lé e láti dán an wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó dùn ún sùn?" Tìámíyù bi í.

"Àyà mi ń gbádùn rẹ̀," Bàbá ní. Ó dìde. "Tú u."

Ó tú u. Ó tún un hun. Kò fi ìka rẹ̀ búra mọ́, kò sì jíyàn. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, á mọ tùràrí díẹ̀, èèpo ọsàn, ẹfínrín, dóńgóyárò, á tan án sẹ́yìn àga Bàbá, á padà lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí èéfín náà ò dé. Rísíkátù á gbé Mùínà wá jókòó tì í nígbà mìíràn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ìka ọkọ rẹ̀ bá ti ń ṣìnà, á fi ẹnu tọ́ka síbi tó yẹ kí ìran gbà. Òbúkọ àgbà tó jẹ tùràrí wá fẹ́ràn Tìámíyù gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí. Òórùn dóńgóyárò ò tí ì kúrò lẹ́nu òbúkọ náà. Ẹ̀fọn kan ò sún mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tìámíyù dé ibi ọnà pupa àti dúdú, ibi tó le jù. Ọwọ́ ọ̀tún di pupa mú, ọwọ́ òsì di dúdú mú, bí ó bá jù ú sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti tú nìyẹn. Ẹ̀fọn ńlá kan bọ̀ láti àbàtà, ó yí i ká, ó bà lé iwájú orí rẹ̀. Tìámíyù wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo ti òsì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sókè láti ẹnu, kò débẹ̀. Òbúkọ ń jẹ àpọ̀jẹ, ó ń wò ó.

Ìyá Jẹlílì rí gbogbo rẹ̀. Ó rọra gbé ìran tirẹ̀ kalẹ̀, ó nu ojú, ó ní:

"Ẹ pẹ̀lẹ́, àna wa. A kì í torí ẹ̀fọn sun ẹní àgbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," Tìámíyù ní. Ó jẹ́ kí ẹ̀fọn náà mu ún yó.